Ta Ni Ó Ṣe Àṣìṣe? Ọ̀rọ̀ Lórí Ààbò ní Ilé Ìfọpo

 

Ọ̀rọ̀ ilé ìfọpo ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ilé ìfọpo ni ibi tí a ti ń se epo rọ̀bì tí a wà jáde láti inú ilẹ̀, tí a ó sì rí epo mọ́tò, epo kẹrosíìnì, dísù àti gáàsì ìdáná láti inú rẹ̀. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, Port Harcourt, Wárì tàbí Kàdúná ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 ni èyí tí ó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ epo. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Ó yẹ kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ń dáàbò bo ọmọ náà, yàtọ̀ sí àdúrà.

Kí a tó dé ilé ìfọpo, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ilé ìdáná.

Àwọn kan nínú yín ní sítóòfù gáàsì olójú mẹ́rin. Ojú méjì wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a ń fi ọwọ́ yí láti tan iná, gbogbo wọn tò sí iwájú lórí ìlà kan ṣoṣo. Èwo ni ti ojú ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì? Ẹni tí ó ti ń lo sítóòfù náà fún ọdún márùn-ún ṣì máa ń ṣì í yí. Ó fẹ́ dín iná ọbẹ̀ kù, iná ìrẹsì ni ó pa. Kí ni a máa ń wí nígbà náà? A ó ní, “Ìyá Bọ́lá, ẹ ò fọkàn sí i.”

Èmi ní tèmi, mo ní Ìyá Bọ́lá fọkàn sí i. Ẹni tí ó ṣe sítóòfù ni kò fọkàn sí i. Ká ní ó to ohun tí à ń yí bí ojú iná ṣe tò, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ọmọ ọdún méje kò ní ṣì í yí.

Ìmọ̀ kan wà tí ó ń wo irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn òyìnbó ń pè é ní human factors. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìmọ̀ mímú iṣẹ́ bá ènìyàn mu. Bí iṣẹ́ télọ̀ ni ó rí. Télọ̀ á kọ́kọ́ wọn ènìyàn, kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Mi ò tíì rí télọ̀ tí ń gé ẹsẹ̀ oníbàárà kúrú nítorí pé ṣòkòtò kò gùn tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á rán ẹ̀rọ tán, wọ́n á wá ní kí ènìyàn fún ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìmọ̀ yìí fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní B-17. Bí ọkọ̀ náà bá ti balẹ̀ tán, awakọ̀ á ká táyà sókè nígbà tí ó ṣì wà lórí ilẹ̀, ọkọ̀ á sì fi ikùn wọ́ ilẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ ni kò mọ iṣẹ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alphonse Chapanis lọ wo inú ọkọ̀ náà. Ó rí síwíìṣì méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì, tí wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan wà fún táyà, èkejì wà fún apá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ìyẹ́ ọkọ̀. Ohun tí ó ṣe kò gba owó. Ó fi rọ́bà róbótó bíi táyà sí orí èyí tí ó jẹ́ ti táyà, ó sì fi ohun tí ó rí bí ìyẹ́ sí orí èkejì. Ọwọ́ awakọ̀ á mọ ohun tí ó dì mú, kódà nínú òkùnkùn. Títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é nínú ọkọ̀ òfurufú.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a wá dé ilé ìfọpo wàyí.

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ìlú kan wà létí omi tí à ń pè ní Texas City. Ilé ìfọpo ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ BP nígbà náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2005, iná bú gbàmù níbẹ̀. Ènìyàn 15 kú, 180 sì fara pa. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ìgbìmọ̀ kan tí ń wádìí ìjàǹbá ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2007. Ohun tí wọ́n rí ni mo fẹ́ rọra sọ fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó sú yín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Òpó irin kan wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 170, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Epo ni wọ́n ń bu sínú rẹ̀, wọ́n á sì mú un gbóná kí èyí tí ó fúyẹ́ lè yà kúrò lára èyí tí ó wúwo. Epo tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ lọ. Wọ́n ti dá òpó náà dúró fún àtúnṣe. Lóru mọ́jú ọjọ́ náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí bu epo sínú rẹ̀.

Géèjì kan wà tí ń sọ bí epo ṣe ga tó fún ẹni tí ó jókòó sí yàrá ìdarí, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà wà. Ṣùgbọ́n géèjì yìí, ìsàlẹ̀ òpó nìkan ni ó lè wọ̀n, kò kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí epo bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò mọ ohunkóhun mọ́. Ó dà bí igi tí a fi ń wọn omi inú táńkì, tí igi náà kò gùn ju orúnkún lọ. Kí omi dé ọrùn, orúnkún náà ni igi yóò máa wí. Agogo ìkìlọ̀ méjì ni ó yẹ kí ó dún bí epo bá pọ̀ jù. Ọ̀kan dún lóru, èkejì ti bàjẹ́, kò fọhùn rárá. Gíláàsì kan sì wà lára òpó náà tí ẹni tí ó wà nílẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ wo epo nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ti bo ìyẹn, ó ti pẹ́ tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ń lọ, ti ọ̀sán ń dé. Kí ni àwọn ti òru kọ sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀? Ìlà kan ṣoṣo. Ìlà náà sọ pé wọ́n ti bu epo díẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sọ bí epo náà ti pọ̀ tó. Kò sọ fáàfù tí wọ́n ṣí àti èyí tí wọ́n tì. Fáàfù, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ni ohun tí a ń yí láti jẹ́ kí epo kọjá nínú páìpù tàbí láti dá a dúró, bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà, ẹ fi etí sí ìlà kan náà dáadáa.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí bu epo sí i. Fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, epo ń wọlé, kò sí èyí tí ń jáde, nítorí fáàfù tí ó yẹ kí ó gbà jáde wà ní títì.

Ẹ ó ní, “Ẹni tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ṣé kò rí i ni?” Ẹ wò ó. Iye epo tí ń wọlé wà lójú ewé kan nínú kọ̀ǹpútà náà. Iye epo tí ń jáde wà lójú ewé mìíràn. Kò sí ibì kan tí a ti kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sì sí ibi tí a ti ṣe ìṣirò iye tí ó wà nínú òpó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa kọ owó tí ń wọlé sínú ìwé kan lọ́jà, kí ẹ sì máa kọ èyí tí ń jáde sínú ìwé mìíràn nílé, ọjọ́ wo ni ẹ máa tó mọ̀ pé ẹ ti jẹ gbèsè? Géèjì ní tirẹ̀ ń sọ pé epo ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó ń sọ pé epo kò tó ẹsẹ̀ bàtà 10, epo ti dé ẹsẹ̀ bàtà 158.

Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 29 láìsinmi ọjọ́ kan. Òun nìkan sì ni ó ń ṣọ́ ẹ̀ka mẹ́ta. Ọ̀gá kan tí ó mọ iṣẹ́ òpó náà jáde lówùúrọ̀ nítorí wàhálà kan nínú ẹbí rẹ̀, wọn kò fi ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n rọ́pò rẹ̀. Èmi bi ara mi pé, ká ní èmi ni mo wà lórí àga yẹn ńkọ́? Kí ni ǹ bá rí tí òun kò rí?

Nígbà tí agogo kan ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú, epo ti kún òpó ó sì ti ṣàn kọjá. Ó gba páìpù lọ sí ibi ìtúsílẹ̀ àtijọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sí afẹ́fẹ́, ó sì tú jáde níbẹ̀ bí ìsun omi. Mọ́tò kan dúró nítòsí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn olùwádìí gbà pé ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe jù kí iná ti ràn.

Àwọn 15 tí ó kú, inú àwọn àgọ́ onípákó tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n wà, tàbí ẹ̀bá wọn. Àgọ́ tí ó súnmọ́ jù, ẹsẹ̀ bàtà 121 péré ni ó fi jìnnà sí ibi tí epo ti tú. Iṣẹ́ tiwọn kò kan òpó yẹn rárá. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé wọ́n ń tan án padà lọ́jọ́ náà. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé, oúnjẹ tí wọ́n fi ń yọ̀ pé oṣù kan ti kọjá láìsí ẹni tí ó fara pa débi tí kò lè wá síbi iṣẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìwé àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde di ẹ̀bi púpọ̀ ru àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá wọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọba lọ yẹ àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún wò. Wọ́n rí i pé ìgbà 19 ni wọ́n ti tan òpó náà, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà wọ̀nyí ni epo sì ti ga kọjá bí ó ti yẹ. Kì í ṣe ẹnì kan náà ni ó ń ṣe é ní gbogbo ìgbà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá gba ojú ọ̀nà kan tí gbogbo wọn sì kọsẹ̀ níbì kan náà, ṣé ẹsẹ̀ wọn ni a ó máa bá wí, àbí a ó lọ hú kùkùté?

Bàbá kan bi mí ní ibòmíràn pé, “Ṣé ẹ ń sọ pé òṣìṣẹ́ kì í jẹ̀bi ni?” Rárá o. Ẹni tí ó mutí yó wá síbi iṣẹ́, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ohun ààbò kúrò, ó jẹ̀bi, òfin sì wà fún un. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń fẹ́ ṣe dáadáa ni à ń sọ. Bí a bá lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, tí a gbé ẹlòmíràn sórí àga kan náà, níwájú kọ̀ǹpútà kan náà, ta ló lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò tún ní ṣẹlẹ̀?

Bí agogo kò bá dún, ewu ni. Bí ó bá dún jù pẹ̀lú, ewu ni. Ní ilẹ̀ Wales, ní Milford Haven, ilé ìfọpo kan bú ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1994 lẹ́yìn tí àrá ti dà á láàmú láàárọ̀. Ènìyàn 26 fara pa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ Sunday ni, kò sí ẹni tí ó kú. Láàárín ìṣẹ́jú 11 tí ó ṣáájú ìbúgbàmù náà, agogo ìkìlọ̀ 275 ni ó dún sí àwọn ènìyàn méjì tí ó wà ní yàrá ìdarí. Ta ni ó lè ka 275 tán, ká má tíì sọ pé kí ó ronú lé e lórí? Ajá tí ń gbó ewúrẹ́, tí ń gbó adìẹ, tí ń gbó onílé, ọjọ́ tí olè bá dé, ta ni yóò jí nítorí rẹ̀? Láti ọdún 1999 ni ìwé ìlànà kan ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní, ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ dáadáa, kí agogo má ju ẹyọ kan lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kan.

Mo ní kí ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988, lórí òkun tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀ Scotland, iná jó ibùdó epo kan tí à ń pè ní Piper Alpha. Ènìyàn 167 ni ó kú. Pọ́ǹpù méjì ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ kan níbẹ̀. Wọ́n ti dá ọ̀kan dúró fún àtúnṣe, wọ́n sì ti yọ fáàfù ààbò rẹ̀ lọ, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ihò rẹ̀. Ìwé kan wà lórí pọ́ǹpù, ìwé mìíràn wà lórí fáàfù. Lálẹ́, pọ́ǹpù kejì kú. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí ìwé ti pọ́ǹpù, wọ́n sì rò pé àwọn lè tan án. Ìwé ti fáàfù kò sí níwájú wọn, ẹni tí ó lọ kò sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó dé. Wọ́n tan án. Gáàsì tú jáde níbi irin pẹlẹbẹ náà.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn ènìyàn yẹn mọ̀wé ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Àìmọ̀wé kọ́ ni ó pa wọ́n. Ìwé náà kò sí ní ibi tí ojú yóò ti rí i nígbà tí ó yẹ kí a rí i.

Nígbà wo ni ó wá yẹ kí a ṣe àtúnṣe gbogbo èyí? Nígbà tí ilé ìfọpo ṣì wà lórí ìwé ni. Bí a bá fẹ́ sún ilẹ̀kùn lórí ìwé, ìrésà àti pẹ́ńsù ló gbà. Bí a bá ti mọ ilé tán, ẹ mọ ohun tí yóò náni. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń jókòó ti ẹnjiníà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú fáàfù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí a ó yí nígbà ewu tàbí tí a ó máa yí léraléra, ibi tí ọwọ́ ti lè tó o kíákíá ni a ó fi í sí, láìgun àkàsọ̀, láìfi orí kọ páìpù. Èyí tí a kì í sábà yí, a lè fi àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù lè wà níbi tí ó bá wà.

Wọ́n á tún wo ara ènìyàn. Ta ni yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, báwo ni ó ṣe ga tó, báwo ni apá rẹ̀ ṣe gùn tó? Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ọkùnrin gíga ilẹ̀ òkèèrè lè má bá ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ mu, bẹ́ẹ̀ òun náà ni yóò yí i. Ṣé ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn lè tẹ síwíìṣì kan láìtẹ èkejì? Irin tí oòrùn ọ̀sán Èkó ti yan, ṣé a ṣì lè dì í mú? Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kò lè mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, nítorí náà àwọ̀ nìkan kò tó fún àmì ewu, kí a fi ìrísí rẹ̀ hàn pẹ̀lú. Pọ́ǹpù mẹ́rin tí a tò láti òsì sí ọ̀tún, kí a kọ A, B, D, E sí wọn bí wọ́n ṣe tò, kì í ṣe A, D, B, E nítorí pé ọ̀kan pẹ́ dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọ́n máa ń fi pákó tàbí kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ibi iṣẹ́ náà, wọ́n á sì pe àwọn òṣìṣẹ́ gan-an wá rìn nínú rẹ̀ kí a tó ra irin kankan. Òṣìṣẹ́ á ní, “Ọ̀gá, bí iná bá mú ibí yìí, inú iná náà ni àtẹ̀gùn yìí á gbé wa lọ.” Ẹnjiníà tí ó lọ sí yunifásítì á sì mú pẹ́ńsù rẹ̀ jáde. Ní ti àgọ́ onípákó, ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ àwọn elépo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìlànà tuntun lórí bí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi ewu tó. Ní ìmọ̀ tèmi, ó ti pẹ́ jù.

Mo ti gbé sítóòfù olójú mẹ́rin kan wá, ó wà lórí tábìlì yẹn. Kò sí gáàsì nínú rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Mo fẹ́ kí ẹnì kan jáde wá, kí ó yí èyí tí ó rò pé ó jẹ́ ti ojú ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún láìwo àmì ara rẹ̀. Ìyá tí ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ẹ̀yin ni mo ń wò. Ẹ dákun, ẹ máa bọ̀.